Àdàkọ Ojú Ewé: Bí Ìrísí Ìwé Ìròyìn Ayélujára Yín Kò Ṣe Ní Máa Yí Padà Lójoojúmọ́

Orí yìí wà fún ẹni tó ní ìwé ìròyìn tàbí àtẹ̀jáde lórí ayélujára, tó sì ti rí i pé àwọn ojú ewé rẹ̀ kò jọra mọ́. Àkọlé ìròyìn òní tóbi ju ti àná lọ. Fọ́tò kan gba gbogbo ojú ewé, èkejì kò ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ. Ẹnì kan fi àwọ̀ pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ àkọlé, ẹlòmíràn fi àwọ̀ ewé kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn òǹkọ̀wé yín kọ́ ló jẹ̀bi. Ojú ewé òfìfo ni ẹ gbé fún wọn pé kí wọ́n kọ ìròyìn sí, ẹ sì fi iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò ojú ewé kún un láìsọ fún wọn. Iṣẹ́ kejì yẹn la fẹ́ gbà kúrò lọ́wọ́ wọn níbí, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dúró.

Àdàkọ ojú ewé ni irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é. Àdàkọ ló ń sọ ibi tí àkọlé máa wà, bí fọ́tò ṣe máa fẹ̀ tó, irú lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ máa jẹ́, àti ohun tí òǹkàwé máa bá lókè àti nísàlẹ̀. Òǹkọ̀wé kàn máa da ọ̀rọ̀ àti fọ́tò sínú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi páànù tí wọ́n gé ọnà sí ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta mọ ohun tí mò ń sọ: ara páànù ni làálàá ọnà wà, tí ó bá ti dára níbẹ̀, ọwọ́ tó ń fi ẹ̀kọ kun aṣọ kò ní ronú ọnà mọ́.

Òfin kan ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ohun tó bá máa hàn lójú ewé tó ju ẹyọ kan lọ, inú àdàkọ ni kó máa gbé. Ohun tó bá jẹ́ ti ìròyìn kan ṣoṣo, inú ìròyìn náà ni kó wà. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, ẹ padà síbẹ̀.

WordPress ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé láti ìgbà tí ẹ̀dà 5.9 ti jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ẹni tí kò mọ kóòdù lè ṣe àdàkọ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo Hugo, irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń kọ́ ìkànnì, máa bá irú iṣẹ́ yìí kan náà nínú fáìlì baseof.html, ibi tí a ti ń ṣe é ló yàtọ̀, ètò iṣẹ́ náà kò yí padà. Mo fi orúkọ àwọn bọ́tìnnì sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa bá wọn lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ má baà wá wọn tì.

Ohun èlò

Kọ̀ǹpútà kan ni ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Fóònù kò gba iṣẹ́ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ nílò fóònù kan fún ìdánwò, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa.

Ẹ nílò àṣẹ Administrator lórí ìkànnì náà. Ẹ tún nílò theme, ìyẹn àkójọ fáìlì tó ń pinnu ìrísí ìkànnì, kí ó sì jẹ́ èyí tó gba àdàkọ. Ẹ wo abẹ́ Appearance: tí ẹ bá rí Editor níbẹ̀, ó gbà á. Tí ó bá jẹ́ Customize nìkan lẹ rí, theme àtijọ́ ni, ẹ sì ní láti kọ́kọ́ yan òmíràn. Twenty Twenty-Four àti Twenty Twenty-Five wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ẹ̀dà ìdánrawò ìkànnì yín, ìyẹn ẹ̀dà kejì tí òǹkàwé kankan kò lè rí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìkànnì sórí sáfà wọn ní bọ́tìnnì kan fún un, Staging ni wọ́n sábà máa ń pè é. Lórí ẹ̀dà yìí ni gbogbo iṣẹ́ inú orí yìí ti máa wáyé, àfi gbígbé e lọ sórí ìkànnì gidi ní ìparí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìròyìn méje láti inú àwọn tí ẹ ti gbé jáde rí. Ẹ má mú èyí tó rẹwà. Ẹ mú èyí tí àkọlé rẹ̀ gùn jù lọ, èyí tí àkọlé rẹ̀ kúrú jù lọ, èyí tí kò ní fọ́tò, èyí tí fọ́tò kún inú rẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, ewì kan, àti ọ̀kan tó ní tábìlì iye owó ọjà tàbí èsì ìdìbò. Àwọn méje yìí ni àdàkọ yín máa jẹ́jọ́ níwájú wọn.

Bébà àti bírò náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ kí ohun tí theme gbé wá bá a pinnu.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gbogbo ìkànnì náà, kí ẹ sì gbé e síbi tí kì í ṣe orí sáfà kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da fáìlì inú wp-content kọ nìkan, wọ́n á rò pé ó parí. Kò parí. Àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sí àdàkọ nínú Editor kì í lọ sínú fáìlì theme. Inú dátábéèsì ni WordPress ń kó o sí, pẹ̀lú àwọn ìròyìn yín. Ẹni tó bá ní fáìlì láìní dátábéèsì ti pàdánù àdàkọ rẹ̀. Kí ẹ̀dà ìpamọ́ yín ní méjèèjì, kí ẹ sì dán an wò lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ṣeé dá padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka irú ojú ewé tí ẹ ní

Lórí bébà, ẹ kọ gbogbo irú ojú ewé tí òǹkàwé lè bá pàdé: ojú ewé àkọ́kọ́, ìròyìn kan ṣoṣo, àkójọ ìròyìn ẹ̀ka kan, èsì ohun tí ènìyàn wá, ojú ewé bíi “Nípa Wa”, àti ojú ewé tó máa ń yọ nígbà tí ohun tí ènìyàn ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Nínú WordPress, orúkọ wọn ni Front Page tàbí Blog Home, Single Posts, All Archives, Search Results, Pages àti 404. Èyí tí ẹ kò bá ṣe àdàkọ fún, WordPress máa fi Index gbé e jáde. Nítorí náà, ẹ má fi Index sílẹ̀ bó ṣe wà, òun ló máa dúró fún gbogbo ohun tí ẹ gbàgbé.

Lábẹ́ irú kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àpótí fún ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìròyìn kan ṣoṣo: ẹ̀ka, àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọjọ́, fọ́tò, àlàyé fọ́tò, ọ̀rọ̀, ìròyìn mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ pinnu bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra. Ẹ fọwọ́ sí bébà náà, ẹ̀yin àti olóòtú yín, kí àríyànjiyàn parí síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: fọ́ǹtì

Níbí ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má sáré kọjá. Fọ́ǹtì tó lẹ́wà lójú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ pátápátá.

Ohun méjì ló ń fà á. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn fọ́ǹtì kan kò ní ẹ, ọ àti ṣ rárá. Búráúsà á wá yá lẹ́tà náà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, ẹ ó sì rí lẹ́tà kan tó sanra, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú àwọn fọ́ǹtì Google, ṣ wà nínú ìpín tí wọ́n ń pè ní latin-ext, ṣùgbọ́n inú ìpín Vietnamese ni wọ́n to ẹ àti ọ sí, nítorí pé èdè Vietnam náà ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà méjèèjì. Yorùbá nílò ìpín méjèèjì. Ẹni tó bá gba ìpín latin nìkan nítorí pé fáìlì rẹ̀ kéré ti ké ìdajì èdè rẹ̀ dànù.

Èkejì ni àmì ohùn. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà ẹ ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ kọ, kí ó tó gbé àmì ohùn, U+0301, lé e lórí. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n máa ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Lẹ́nu òǹkàwé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Noto Sans àti Noto Serif ti Google, Gentium àti Charis ti SIL: gbogbo wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń kọ Yorùbá bó ṣe yẹ. Ẹ mú méjì péré, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀. Láti ẹ̀dà 6.5 tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹ lè gbé fọ́ǹtì sórí WordPress láti inú Styles tó wà nínú Editor, níbi tí wọ́n kọ Typography sí.

Kí ẹ tó gba fọ́ǹtì kankan, ẹ kọ ìlà yìí pẹ̀lú rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀ṣọ́, ǹjẹ́, òǹkọ̀wé, ń ṣiṣẹ́, Ọ̀YỌ́, ẸGBẸ́, Ẹ̀ṢẸ̀. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà lásán, ní èyí tó ki, àti ní èyí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó lórí fóònù. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀, tàbí tí àmì kan bá fò kúrò níbi tó yẹ kó wà, ẹ fi fọ́ǹtì náà sílẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Àlàfo àárín ìlà náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ theme ń lo 1.1 tàbí 1.2 fún àkọlé. Ní Yorùbá, àmì abẹ́ ìlà òkè á máa kọlu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ fi 1.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àkọlé, àti 1.6 tàbí 1.7 fún ọ̀rọ̀. Ẹ má sì yan èyí tó ń sọ gbogbo àkọlé di lẹ́tà ńlá. Ibi tí lẹ́tà ńlá bá ti ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, gíga rẹ̀ máa ń pọ̀ débi pé àpótí tó há lè ké orí àmì náà kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọ̀ àti ìwọ̀n

Àwọ̀ mẹ́ta tó: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ẹ̀yìn ojú ewé, ọ̀kan fún líǹkì àti orúkọ ẹ̀ka. Ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 4.5 sí 1, gẹ́gẹ́ bí WCAG, ìlànà fún ìkànnì tí gbogbo ènìyàn lè lò, ṣe là á kalẹ̀. WordPress fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ tí àwọ̀ méjì bá jọra jù. Eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí funfun dùn ún wò nínú yàrá. Ẹni tó ń kà á nínú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án gangan kò ní rí nǹkan kan.

Ìwọ̀n lẹ́tà ọ̀rọ̀: 18 px. Ìwọ̀n àkọlé: ẹ yan mẹ́ta, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀. Fífẹ̀ ọ̀rọ̀: nǹkan bí 680 px, kí lẹ́tà orí ìlà kan má baà ju 70 lọ, nítorí pé ojú òǹkàwé á ṣìnà tí ó bá fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e. Inú Styles ni ẹ ti máa fi gbogbo èyí sílẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí àpótí kọ̀ọ̀kan nínú àdàkọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ kan padà, ẹ ó máa wá a kiri.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: orí àti ẹsẹ̀ ojú ewé

Orí ojú ewé ni orúkọ ìwé ìròyìn yín àti mẹ́nù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àdírẹ́sì, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ àti líǹkì sí ojú ewé àlàyé. Patterns ni ẹ ti máa rí wọn, níbi tí wọ́n kọ Template Parts sí. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, kí gbogbo àdàkọ máa pè é. Ẹ má da orí ojú ewé kọ láti inú àdàkọ kan sí òmíràn: ọjọ́ tí nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì bá yí padà, ọ̀kan á gbọ́, èkejì á ṣì máa fún àwọn ènìyàn ní nọ́ńbà àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àdàkọ ìròyìn

Single Posts ni ẹ máa pẹ́ jù lórí rẹ̀, nítorí òun ni òǹkàwé tó ti orí WhatsApp tàbí Facebook wá máa kọ́kọ́ rí, nígbà mìíràn òun nìkan ló máa rí. Ẹ ṣí i lábẹ́ Templates. Ẹ to àwọn àpótí rẹ̀ bí bébà yín ṣe wí: Categories, Title, Author Name, Date, Featured Image, Content.

Ẹ fún Featured Image ní ìwọ̀n tí kò ní yí padà, 16:9 dára. Tí ẹ kò bá fún un, fọ́tò tó dúró gbọọrọ á ti ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ débi pé orí àti ọrùn ẹni tó wà nínú fọ́tò nìkan ni òǹkàwé máa rí kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òǹkọ̀wé pé 1200 sí 675 ni kí wọ́n máa gé fọ́tò sí, kí ojú ẹni tí ìròyìn dá lé wà láàárín. Ibi tí ìpolówó máa wà náà, ẹ fún un ní gíga rẹ̀ ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ á fò lójú ẹni tó ń kà á nígbà tí ìpolówó bá dé, ẹni náà á sì tẹ ohun tí kò fẹ́ tẹ̀.

Ẹ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wò. “Read more”, “Search”: WordPress ló fi wọ́n síbẹ̀, wọ́n sì máa ń dúró bí àlejò láàárín ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ kọ tiyín sínú àdàkọ lẹ́ẹ̀kan, “Ka ìyókù”, “Wá a níbí”, kí gbogbo ojú ewé máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ rí i pé bí ẹ ṣe ń kọ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ síra. Kò dára kí ojú ewé kan kọ “March”, kí òmíràn kọ “oṣù Kẹta”.

Ohun kan wà tí ojú kò rí. Nínú kóòdù ojú ewé, ìlà kan wà tó ń sọ èdè tí a fi kọ ọ́: lang="yo" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ en ló wà, ẹ̀rọ tó ń kàwé sétí àwọn tí kò ríran á fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá, búráúsà tó bá sì ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì ní ìparí ìlà lè gé e bí ẹni gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tẹ Ctrl àti U, ẹ wá lang. Tí kò bá tọ̀nà, ẹ pe ẹni tó mọ kóòdù. Iṣẹ́ ìlà díẹ̀ ni.

Àwọn àdàkọ yòókù kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Nínú All Archives àti Search Results, ẹ jẹ́ kí fọ́tò, àkọlé àti ọjọ́ wà ní ètò kan náà. Nínú 404, ẹ fi gbólóhùn kan tó fi ọ̀wọ̀ hàn àti àpótí ìwákiri síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ewì àti irú wọn

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í ṣe àdàkọ tuntun. Inú Content ló wà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Pattern, ìyẹn àkójọ àpótí tí a ti tò sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé láti fi sínú ìròyìn, ni ẹ máa ṣe fún un: ìbéèrè ní lẹ́tà tó ki, ìdáhùn ní lẹ́tà lásán, àpótí fún ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ẹni tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Fún ewì àti oríkì, ẹ fi àpótí Verse sínú Pattern tiwọn, nítorí pé ó ń tọ́jú ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan parí sí.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe Pattern, WordPress á bi yín bóyá kí ó jẹ́ Synced. Ẹ ronú kí ẹ tó dáhùn. Èyí tó jẹ́ Synced, tí ẹ bá yí i padà níbì kan, gbogbo ibi tó wà ló máa yí padà. Ó dára fún ìkéde bíi “Ẹ fi ìròyìn àdúgbò yín ránṣẹ́ sí wa”. Fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ má tan Synced, kí ìdáhùn ẹnì kan má baà lọ bá ti ẹlòmíràn nínú ìròyìn tó ti jáde.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ti ilẹ̀kùn

Àdàkọ tí gbogbo ọwọ́ lè kàn kò lè pẹ́. Ẹ fún àwọn òǹkọ̀wé ní àṣẹ Author, kí olóòtú ní àṣẹ Editor (èyí kì í ṣe Editor abẹ́ Appearance). Àwọn méjèèjì lè kọ, wọ́n sì lè gbé ìròyìn jáde, ṣùgbọ́n wọn kò lè dé ibi tí àdàkọ wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ní Administrator lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹnìkan tó lè rọ́pò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ẹ tún gba ààyè yíyan àwọ̀ tó bá wù wọ́n kúrò lọ́wọ́ wọn. Nínú fáìlì theme.json, lábẹ́ color, ẹ kọ "custom": false; lábẹ́ typography, ẹ kọ "customFontSize": false. Láti ìgbà náà lọ, àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà tí theme ti tò sílẹ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé lè yàn. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fáìlì yìí: àmì kọ́mà kan tó sọnù lè mú gbogbo ìrísí ìkànnì lọ. Lórí ẹ̀dà ìdánrawò ni kí ẹ ti ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìdánwò

Ẹ gbé àwọn ìròyìn méje wá. Ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà lórí fóònù. Ṣé àkọlé tó gùn jù kò bo orúkọ òǹkọ̀wé mọ́lẹ̀? Ṣé ìròyìn tí kò ní fọ́tò kò fi ihò sílẹ̀? Ṣé tábìlì ọjà kò fẹ̀ ju ojú fóònù lọ tí gbogbo ojú ewé fi ń mì sọ́tùn-ún sósì? Ẹ fẹ lẹ́tà dé ìlọ́po méjì, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kankan sọnù. Ẹ fún òǹkàwé àgbàlagbà kan ní fóònù náà, kí ẹ sì dákẹ́. Ibi tó bá ti dúró tàbí tó sún fóònù mọ́ ojú ni ẹ ní láti padà sí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọjá, ẹ tẹ àmì onítótó mẹ́ta inú Editor, kí ẹ yan Export. WordPress á fún yín ní fáìlì zip kan tó ní theme náà pẹ̀lú àdàkọ àti àwọ̀ yín. Ẹ fi ọjọ́ sórúkọ rẹ̀, ẹ pa á mọ́. Àwọn Pattern tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe kò sí nínú zip náà, nítorí inú dátábéèsì ni wọ́n wà. Láti ojú ewé Patterns, ẹ yan Export as JSON fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni ẹ tó lè gbé iṣẹ́ náà lọ sórí ìkànnì gidi, ní àkókò tí òǹkàwé kò pọ̀, kí ẹ sì fọ cache rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà àtijọ́ ojú ewé tó wà ní ìpamọ́, kí ẹ tó wò ó nínú fèrèsé àdáni búráúsà, bí àlejò ṣe máa rí i.

Ìkìlọ̀

Ibi tó léwu jù lọ ni bọ́tìnnì Save. Ẹni tó ní Administrator lè máa ṣàtúnṣe ìròyìn kan, kí ó tẹ Edit template láìfura, kí ó pa àpótí kan rẹ́ nítorí pé kò bá ìròyìn yẹn mu, kí ó sì pa á rẹ́ lójú gbogbo ìròyìn. Nígbà tí ẹ bá tẹ Save, WordPress sábà máa ń to orúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ yí padà síwájú yín. Ẹ kà á. Tí ẹ bá rí Single Posts tàbí Header níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe òun lẹ wá ṣe, ẹ yọ àmì kúrò níwájú rẹ̀.

Bọ́tìnnì Reset á dá àdàkọ padà sí bí theme ṣe gbé e wá, iṣẹ́ yín á sì lọ. Yíyí theme padà náà á fi àdàkọ yín sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí theme tí ẹ ṣe é sí ló so mọ́. Ohun tí ẹ bá sì fọwọ́ kọ sínú fáìlì theme tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, theme.json inú ìgbésẹ̀ keje pẹ̀lú, àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni theme náà á pa á rẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, inú child theme, ìyẹn theme kékeré tiyín tó dúró lé ti ẹlòmíràn, ló yẹ kó wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó ń da àdàkọ rú jù lọ wá láti inú Microsoft Word tàbí láti inú ìkànnì mìíràn. Òǹkọ̀wé á da ọ̀rọ̀ kọ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé, àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà ibi tó ti wá lè tẹ̀ lé e. Àṣẹ tó wà lára ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lágbára ju àṣẹ àdàkọ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn kan fi ń kọ̀ láti yí padà nígbà tí gbogbo ìyókù ti yí. Ẹ kọ́ gbogbo wọn láti máa fi Ctrl, Shift àti V lẹ ọ̀rọ̀. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n tí mo bá ní láti fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé tuntun, òun ni.

Àwọn kan ń lo àkọlé ìpele kejì nítorí pé wọ́n fẹ́ kí gbólóhùn kan tóbi. Àkọlé wà fún ètò ọ̀rọ̀, kì í ṣe fún ìtóbi. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kàwé ń fi í mọ ibi tó dé. Àwọn mìíràn ń tẹ Enter lẹ́ẹ̀mẹta láti fi àlàfo sí i. Tí àlàfo bá kéré, inú Styles ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Àṣìṣe kejì tó ń bani nínú jẹ́ ni àdàkọ tó ń bí àdàkọ. Ọ̀sẹ̀ yìí, àdàkọ fún bọ́ọ̀lù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àdàkọ fún ọdún Ọ̀ṣun. Títí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ èyí tó yẹ kó mú. Nígbà àkọ́kọ́ tí irú ìròyìn tuntun bá dé, ẹ fi èyí tó wà nílẹ̀ ṣe é. Nígbà kejì, ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ń há. Tí ó bá dé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ṣe Pattern. Àdàkọ tuntun gan-an, ó yẹ kó ṣọ̀wọ́n.

Èyí kò sọ pé ẹ kò lè yà kúrò nínú àdàkọ láé. Ìròyìn ìdìbò tó ní tábìlì ńlá lè gba ààyè tó fẹ̀ ju ti ọ̀rọ̀ lọ. Ọjọ́ tí ìlú bá pàdánù ẹni ńlá, ojú ewé lè dákẹ́, láìsí ìpolówó, láìsí “ẹ ka èyí náà”. Òǹkàwé á mọ̀ pé ọjọ́ náà yàtọ̀, nítorí pé ọjọ́ yòókù jọra. Ẹ jẹ́ kí olóòtú ló máa fọwọ́ sí irú rẹ̀, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ìròyìn àtijọ́

Àdàkọ tuntun á gba èyí tó pọ̀ nínú wọn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kùn láwọ̀ kò ní gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fi àṣẹ kan pa gbogbo style= rẹ́ nínú dátábéèsì; ó lè mú ohun tó tọ́ mọ́ èyí tí kò tọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí ènìyàn ṣì ń kà. Ẹ ṣí ìròyìn náà, ẹ fi àmì yan gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ tún un lẹ̀ láìní àwọ̀, kí ẹ dá àkọlé àti líǹkì rẹ̀ padà. Díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló dára. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ lè dúró bó ṣe wà.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ pinnu sórí bébà kan: orúkọ fọ́ǹtì méjèèjì, nọ́ńbà àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀n fọ́tò, bí ẹ ṣe ń kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó ní Administrator. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé tó ń ti ilé ṣiṣẹ́. Nígbàkígbà tí WordPress tàbí theme bá gba àtúnṣe tuntun, kí ẹni tó ṣe é tún ṣí àwọn ìròyìn méje náà lórí fóònù kó tó kúrò nídìí kọ̀ǹpútà.